Bàbá Yanrìn Tí Kò Rí Yanrìn Rẹ́ Ilé Tirẹ̀

Ọdọọdún ni ilé àdúrà Wòlíì Olúwabámiṣe máa ń lọ gbàdúrà létí òkun ní Aráròmí. Kì í ṣe Aráròmí-Obù tiwa níbí o, tí ọ̀kadà ti ń rì sínú ẹrẹ̀. Aráròmí ilẹ̀ Ìlàjẹ ni mò ń wí, níbi tí òkun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ìlẹ̀kùn. Bọ́ọ̀sì méjì ló ń kó wọn láti Òrè, gbogbo wọn nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, wòlíì ní kí oníkálukú kọ ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sínú bébà, kó dì í mọ́wọ́. Lydia kọ ọ̀rọ̀ méjì péré: "Ilé mi." Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí i pé Ọlọ́runnísọ̀lá ọkọ rẹ̀ kò kọ nǹkan kan. Ọkọ ní òun ti bá Ọlọ́run sọ tòun nínú bọ́ọ̀sì.

Àdúrà bẹ̀rẹ̀. Lydia di ojú méjèèjì, ó ń rán Ọlọ́run létí iye ọdún tí òun ti ń dúró. Nígbà tó la ojú, ọkọ rẹ̀ ti na gbọọrọ sórí yanrìn, ó dojú bolẹ̀, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kò sì mira. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí kì í kúnlẹ̀ pẹ́ nínú ilé àdúrà, orúnkún ló máa ń fi ṣàwáwí. Omi bọ́ lójú Lydia. Ó ní bí Ọlọ́runnísọ̀lá bá lè dojú bolẹ̀ báyìí nítorí ọ̀rọ̀ ilé, a jẹ́ pé ilé ti parí nìyẹn.

Wòlíì náà rí i. Ó gbọn agogo lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀mí ti gbé e." Àwọn ìyá àdúrà yí i ká, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé ìran sáré mú ìwé ńlá wá, ìyẹn ìwé tí wọ́n máa ń kọ ohun tí aríran bá rí sí. Orin lọ, orin bọ̀, ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó yá, Ọlọ́runnísọ̀lá gbé orí sókè, yanrìn ti bo irùngbọ̀n rẹ̀. Akọ̀wé ti di bírò mú.

"Oríṣìí mẹ́rin ló wà níbí," ló wí.

"Máa sọ ọ́, ìránṣẹ́ Olúwa," ni wòlíì dáhùn.

"Funfun tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, òun ló pọ̀ jù. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ń bẹ láàárín rẹ̀. Èyí tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja kò tó nǹkan. Dúdú ló wà nísàlẹ̀, òun ló sì wúwo jù. Òkun ń kó èyí tó fúyẹ́ lọ, ó ń fi dúdú sílẹ̀."

Wòlíì ti ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìjọ. Funfun ni àwọn olódodo, ẹ ṣeun Olúwa, wọ́n ṣì pọ̀. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀. Dúdú tó wúwo ni àwọn tí ẹ̀ṣẹ̀ ti dì mọ́lẹ̀. Ìjọ ń ṣe àmín. Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Ọlọ́runnísọ̀lá fi tọwọ́ bọ abẹ́ sùtánà, ó yọ òòfà kan tó tú lára sípíkà àtijọ́, ó rà á bàbà lórí yanrìn, díẹ̀ nínú yanrìn dúdú náà sì fò mọ́ ọn. Ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i. Ó ní, "Irin wà nínú wọn. Ẹ ò gbọdọ̀ fi rẹ́ ilé."

Wòlíì wo òòfà, ó wo yanrìn, ó wo ọkùnrin náà. Ó ní kí wọ́n kọ orin ìparí. Akọ̀wé kò lè fa ohun tó ti kọ ya, nítorí ìwé ìran ni, a kì í fa ojú ìwé rẹ̀ ya. Ó wà níbẹ̀ títí dòní, láàárín ìran òjò àti ìran arìnrìn-àjò kan tí kò gbọdọ̀ jẹ ẹran ìgalà.

Lydia kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti Aráròmí dé Òrè. Ọkọ náà kò fura. Ó ti di yanrìn sí ìṣẹ́tí sùtánà, ó ń fi ìka rò ó lórí itan ní gbogbo ọ̀nà.

Kí ẹ tó bínú sí i, ẹ jẹ́ kí á sọ irú ẹni tó jẹ́. Bàbá Yanrìn ni gbogbo Òrè ń pè é. Ó ń ṣe búlọ́ọ̀kù nítòsí oríta, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde ni kó máa bá èèyàn wo yanrìn. Bí o bá ń kọ́lé, ní Òrè, ní Odígbó, títí dé Àgọ́ Aláyè, o ò ní jẹ́ kí típà da yanrìn sílẹ̀ kí o tó ránṣẹ́ sí Bàbá Yanrìn. Á gun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀. Á bu yanrìn tútù kan, á fún un mọ́wọ́, á lawọ́. Bí yanrìn náà bá dúró bí òkèlè ẹ̀bà, amọ̀ wà nínú rẹ̀, kí ọkọ̀ máa dá a padà. Bí ó bá tú ká, á bù ú sínú ìgò omi, á mì í, á wá jókòó tì í. Olójú ńlá á kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀, kíkúnná á tẹ̀lé e, ẹrẹ̀ á dúró lókè. Á máa wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun. Bí onílé bá ń kánjú, á ní kó lọ jẹun kó padà wá.

Kò sí ilé tí Bàbá Yanrìn bá wo yanrìn rẹ̀ tó là. Ilé ẹlòmíràn là ń sọ o. Tirẹ̀ kò lè là, torí wọn ò tíì rẹ́ ẹ.

Ilé náà wà ní Odígbó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, yàrá mẹ́ta àti pálọ̀. Ọdún tí Máyọ̀wá, àkọ́bí wọn, wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Máyọ̀wá jáde, ó di olùkọ́ ní Òndó, ó fẹ́yàwó, ó bí ọmọ méjì. Búlọ́ọ̀kù ilé ti dúró, wọ́n ti kan páànù, wọ́n ti fi ilẹ̀kùn sí i. Rírẹ́ ló kù. Bàbá Yanrìn sì ti búra pé ìyàwó òun kò ní wọ inú ilé tí a kò rẹ́, àti pé yanrìn tí wọn ó fi rẹ́ ẹ kò tíì dé. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń retí rẹ̀. Ewúrẹ́ àdúgbò bímọ nínú pálọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí Lydia fi ìyẹn bá a wí, ó ní ewúrẹ́ ò mọ yanrìn.

Lydia kò tíì gbé inú ilé ara rẹ̀ rí láyé. Abà kòkó olóko kan ní Aráròmí-Obù ni wọ́n bí i sí, torí bàbá rẹ̀ ń bá èèyàn dáko. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí yàrá kan àti pálọ̀ tí wọ́n háyà ní ẹ̀yìn gáréèjì Òrè, níbi tí ariwo ọkọ̀ Bìní àti ti Èkó kò ti jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Gaàrì ló ń yan tó ń tà. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kó jí lọ́jọ́ kan nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè ní kó jáde kúrò. Ó sì ń dàgbà. Ẹ̀rù ń bà á pé òun á kú sẹ́yìn gáréèjì.

Ẹni tó jìyà jù lẹ́yìn Lydia ni Ùsmọ́n, onítípà. Ùsmọ́n ti gbé yanrìn lọ sí Odígbó fún ilé yìí ju ìgbà ogún lọ, ó sì ti gbé gbogbo rẹ̀ padà. Ọjọ́ kan ó gba ìhà Agbábù wá, inú rẹ̀ ń dùn.

"Bàbá, ẹ wò ó. Kò tóbi, kò kéré. Mo fi Kùránì búra."

"Má fa Kùránì sọ́rọ̀ yanrìn." Bàbá Yanrìn bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbé e símú. "Ùsmọ́n, òórùn kí ni mò ń gbọ́ yìí?"

"Ó lè jẹ́ dísù ọkọ̀ mi."

"Ọ̀dà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe títì. Ọ̀dà tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn á wà ní Agbábù láti ìgbà tí mo ti wà nínú ṣòkòtò péńpé, ìwọ nìkan lo ti bá wọn wà á. Tí mo bá fi èyí rẹ́ ilé, lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ẹni tó bá fẹ̀yìn ti ògiri, ibẹ̀ náà ló máa sùn."

Ùsmọ́n jókòó sórí táyà, ó nu ojú. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Báwo lẹ ṣe rí obìnrin fẹ́?"

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi wò ó," ni Bàbá Yanrìn wí. "Mi ò rí àléébù kankan."

Lydia wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó gbé oúnjẹ wá fún wọn. Ó ti múra láti bú u nítorí yanrìn tí ó tún fẹ́ dá padà. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó gbàgbé èébú náà, orí ọ̀kadà tó gùn padà sí Òrè ló tó rántí rẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń fi ọ̀rọ̀ mú un nìyẹn.

Ajọ̀ gaàrì Lydia náà rí i he. Ẹ mọ̀ pé ajọ̀ ni obìnrin onígaàrì fi ń jẹun. Bàbá Yanrìn á dúró kí ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọjà, á gbé ajọ̀, á máa fi jọ yanrìn lẹ́yìnkùlé, èyí tó bá kọjá á lọ sí apá kan, èyí tó bá dúró á lọ sí apá kejì. Á wá gbọn ajọ̀ náà dáadáa, á gbé e kọ́ padà. Ó rò pé òun gbọ́n. Lọ́dún kan, ìjọ parí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá, Lydia sì gbé gaàrì lọ fún ìṣínu. Gbogbo ìjọ jókòó, wọ́n rẹ gaàrì, wọ́n bù ú sẹ́nu. Ohun tí à ń gbọ́ kò ju eyín lọ.

Wòlíì jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó gbé e mì. Ó ní, "Ìyá Máyọ̀wá, gaàrì yìí lágbára."

Ojú ti Lydia débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ kó lè gbà á. Bàbá Yanrìn ti tu tirẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi ìka yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó ní, "Ti Aráròmí nìyí. Ẹ wo bó ṣe mọ́." Lọ́la ọjọ́ náà ó ra ajọ̀ tuntun mẹ́ta fún ìyàwó rẹ̀ láti fi bẹ̀bẹ̀. Láàárín oṣù méjì, ó ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìgbà kan wà tí àwọn tó ń ṣe afárá kan rán ọ̀gbẹ́ni oníwèé kan wá sí Òrè láti yẹ yanrìn wò. Rìlwánù ni orúkọ rẹ̀. Ó kó ajọ̀ onírin méje wá, ó to ọ̀kan lé èkejì, olójú ńlá lókè, olójú kékeré nísàlẹ̀, ó sì ní ẹ̀rọ tó ń mì wọ́n jìgìjìgì. Òkìkí kàn, Bàbá Yanrìn gbé àga lọ síbẹ̀. Ó bu yanrìn náà, ó fi àtàǹpàkò rà á mọ́wọ́.

"Bí a bá pín èyí sí mẹ́wàá," ló wí, "mẹ́fà ló máa dúró sójú ajọ̀ kẹrin. Ó lè fi díẹ̀ lé."

Rìlwánù rẹ́rìn-ín. Ọmọ gidi ni, ó rọra rẹ́rìn-ín ni. Ó tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ mì, ó kó ti ajọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n. Nígbà tó dé orí ajọ̀ kẹrin, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ó jẹ́ mẹ́fà nínú mẹ́wàá, ó sì fi díẹ̀ lé. Rìlwánù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yanrìn tòun ti aṣọ iṣẹ́.

"Bàbá, ilé ìwé wo lẹ lọ?"

"Ẹ̀yìnkùlé Lydia," ni Bàbá Yanrìn dáhùn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé ajọ̀ gaàrì dára ju ti irin lọ.

Ohun tí ó ń dun Lydia ni pé gbogbo ìlú ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń bá wọn rín in, ilé sì wà níbẹ̀. Ní ọdún kẹtàdínlógún, òrùlé yàrá wọn lẹ́yìn gáréèjì jò, òjò ba àpò gaàrì méjì jẹ́. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ní kí ọkọ òun jókòó.

"Bàbá Máyọ̀wá, ẹ wò mí dáadáa. Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú síbí ni?"

Ọkùnrin náà kò rò ó rí pé ọ̀rọ̀ lè rí báyẹn. Ó ní, "Lydia, ilé àwọn èèyàn tí mò ń wo yanrìn rẹ̀, tó bá bàjẹ́, wọ́n á tún un ṣe, mi ò ní sí níbẹ̀. Tìẹ yìí, ojoojúmọ́ ni wàá máa wò ó. Bí yanrìn bá tóbi, ògiri á máa ha ọ́ lára. Bí ó bá kúnná jù, tó bá gbẹ tán, á là. Mi ò fẹ́ kí o máa wo ohun tó là kí o máa sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ nìyí."

"Ẹ jẹ́ kó là. Èmi á máa wò ó."

"Mi ò lè ṣe é."

Lydia kò bú u. Ó ti mọ̀ pé ọkùnrin náà fẹ́ràn òun, ìyẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀. Ó dìde, ó lọ tẹ́ àpò gaàrì sóòrùn.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni èémí bẹ̀rẹ̀ sí í fún Bàbá Yanrìn. Bó bá gun ẹ̀yìn típà, á dúró mí kó tó lè sọ̀rọ̀. Máyọ̀wá wá mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Òndó, Lydia kò bá wọn lọ torí ó ń yan gaàrì lọ́jọ́ náà. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ kọjá agbára. Ó kọ oògùn fún un, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé kó ṣètò ohun tó bá fẹ́ ṣètò, kó má fi í sí ọdún tó ń bọ̀. Bàbá Yanrìn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí Máyọ̀wá má sọ fún ìyá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Òrè, kò lọ sílé. Ó ní kí Máyọ̀wá máa padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó wá rọra rìn lọ síbi tí àwọn onítípà ń dúró sí.

"Ùsmọ́n, kí ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ yẹn?"

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, kì í ṣe tiyín. Kòtò kan ni wọ́n ní kí n lọ fi dí. Ó ti kúnná jù."

"Gbé e lọ sí Odígbó."

"Bàbá, mo ní ó ti kúnná jù."

"Mo gbọ́ ọ. Gbé e lọ."

Ùsmọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó wá wo ojú Bàbá Yanrìn, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Nígbà tí Lydia gbọ́ pé típà ti da yanrìn sílẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, ó fi gaàrì sílẹ̀ lórí iná fún aládùúgbò, ó gun ọ̀kadà. Ó bá Victor, bíríkìlà tí wọ́n ti pè lẹ́ẹ̀mẹrin tí wọ́n sì lé padà lẹ́ẹ̀mẹrin, tó dúró pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, tí kò dá ara rẹ̀ lójú. Wọ́n ti lé àwọn ewúrẹ́ jáde. Bàbá Yanrìn jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, kò sí ìgò omi lọ́dọ̀ rẹ̀, òòfà rẹ̀ kò sì jáde nínú àpò.

Lydia bẹ̀rẹ̀, ó bu yanrìn náà. Obìnrin tó ti bá ọkùnrin yẹn gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò nílò ajọ̀. Ó ń yọ̀ láàárín ìka rẹ̀ bí èlùbọ́.

Ó dojú kọ ọkọ rẹ̀. "Ṣé ó dára, Bàbá Máyọ̀wá?"

Bàbá Yanrìn ń wo ọ̀nà. Ó ní, "Ó dára."

Irọ́ kan ṣoṣo tó pa lórí yanrìn láyé rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni Lydia ti mọ ohun tí dókítà sọ. Kò sẹ́ni tó tún ní láti sọ ọ́ fún un. Ó gbọn yanrìn ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó sọ fún Victor pé, "Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Ẹ bẹ̀rẹ̀." Ó wá lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sunkún tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fọ ojú, ó sì padà wá pọn omi fún wọn.

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kó wọlé. Lówùúrọ̀ àkọ́kọ́, Lydia jí, kò gbọ́ ariwo ọkọ̀ Bìní kankan, ó rò pé òun ti di adití. Bàbá Yanrìn rẹ́rìn-ín títí tí èémí fi fẹ́ gé e. Oṣù márùn-ún ni wọ́n jọ lò níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ó ń gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń kí àwọn tó ń kọjá lọ sí oko, tó ń sọ fún wọn irú yanrìn tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ohun kan ló wà tí Lydia nìkan ṣàkíyèsí. Ibi yòówù kó gbé àga sí, ó máa ń kọ ẹ̀yìn sí ògiri. Kò wò ó rí. Lydia náà kò sọ̀rọ̀ kàn án.

Ó kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lórí àga náà, nígbà tí Lydia ń bó àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni. Ohun tó ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá kan, ó ní ẹni tó da yanrìn sí òdìkejì ọ̀nà yẹn kò mọ iṣẹ́.

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, ìjọ wá sí Odígbó fún àdúrà ìrántí. Lẹ́yìn àdúrà, oúnjẹ dé, ẹnu sì là. Akọ̀wé ìran sọ ti etí òkun. Rìlwánù, tó wá láti ọ̀nà jíjìn, sọ ti ajọ̀ kẹrin. Wòlíì fúnra rẹ̀ sọ ti gaàrì ìṣínu, ó ní títí di bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, eyín kan ṣì ń dun òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ń béèrè bóyá ìgbéyàwó ni. Lydia ń rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, ó ń nu ojú.

Máyọ̀wá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń wo ògiri láti àárọ̀. Láti ẹnu fèrèsé dé òkè àjà, ògiri pálọ̀ ti là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó tín-ín-rín bí okùn òwú, ó sì wà ní gbogbo yàrá. Ó ti pe Victor wá pẹ̀lú irinṣẹ́.

"Màmá," ló wí, "wọ́n rẹ́ bàbá mi jẹ lórí yanrìn yìí. Bí ara wọn bá yá ni, wọn ò ní gba irú rẹ̀ láé. Ẹ jẹ́ kí Victor ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ká tún un rẹ́. Ojú tì mí. Ilé Bàbá Yanrìn nìyí."

Ùsmọ́n tẹrí ba, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín dá nínú pálọ̀.

"Kò sẹ́ni tó rẹ́ bàbá ẹ jẹ," ni Lydia dáhùn. "Ùsmọ́n sọ fún wọn pé ó kúnná jù. Èmi náà fọwọ́ kàn án. Wọ́n mọ̀ pé ó máa là."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi gbà á?"

"Wọ́n fẹ́ kí n wọlé kí àwọn tó lọ."

Wòlíì bọ́ fìlà. Lydia dìde, ó lọ síbi tí ògiri ti là jù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e bí ẹni tó ń wo ara ọmọ bóyá ó gbóná. Ó ní, "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi retí ilé yìí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó là, pé èmi á máa wò ó. Wọ́n ti jẹ́ kó là. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, mò ń wò ó."

Ó yíjú sí bíríkìlà, ó béèrè bóyá ó ti jẹun. Victor ní òun ò tíì jẹ. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ padà sínú àpò, ó sì wá àyè jókòó láàárín wọn.